Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ẹ̀yìn Ìtàgé: Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ gbé yẹ̀wò. Lọ́dọọdún, bí orúkọ àwọn tí yunifásítì gbà wọlé bá ti jáde, àríyànjiyàn kan náà ni ó máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé Mùsùlùmí ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìgbòho àti ní Kíṣì. Ọmọ béèrè fún ẹ̀kọ́ òfin, ẹ̀kọ́ tíátà ni wọ́n fún un. Tàbí kẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó yan tíátà, nítorí pé láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ àwòrán yà, tí ó sì ti ń tún iná ilé ṣe. Kí ó tó la ẹnu, ìdájọ́ ti délẹ̀: ọmọ Mùsùlùmí kì í ṣe eléré, eégún ni bàbá tíátà, ìṣekúṣe sì ni ìyá rẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ di ohun tí bàbá kò san mọ́. Ọmọ jókòó sílé, ó ń dúró de ìdánwò JAMB ọdún mìíràn.

Ìdájọ́ náà yá jù. Kì í ṣe pé ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù kò sí. Ó wà, ọ̀rọ̀ yóò sì débẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì sínú ẹrù kan. Ọ̀kan ni iṣẹ́ ẹni tí ń ṣeré níwájú èrò. Èkejì ni iṣẹ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí ó kan pákó, tí ó rán aṣọ, tí ó so iná, tí ó ṣe ètò bí ohun gbogbo yóò ṣe wọlé tí yóò sì jáde lásìkò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí èkejì, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ télọ̀ àti iṣẹ́ ayàwòrán ilé ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò tíì mọ ohun tí ó ń dá lẹ́jọ́.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí a ti ń ya ilẹ̀ orí ìtàgé sórí ìwé, tí ìwọ̀n kékeré yóò máa dúró fún ìwọ̀n ńlá. Yóò fi páálí ṣe àwòṣe kékeré kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kan pákó, nítorí àṣìṣe orí páálí kò gbówó lórí tó ti orí pákó. Yóò kọ́ ìmọ̀ iná: pé iná tí ó bá ti òkè wá tààrà yóò fi òjìji bo ojú ènìyàn, pé èyí tí ó bá ti iwájú nìkan wá yóò mú kí ojú náà rí pẹlẹbẹ. Yóò kọ́ ìmọ̀ àwọ̀: àlàárì tí ó pọ́n wẹ̀ lójú ọ̀sán, bí iná aláwọ̀ ewé bá tàn sí i, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Yóò kọ́ bí a ti ń ṣírò owó, bí a ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, àti bí a ti ń kọ ìwé àkóso eré, nínú èyí tí gbogbo àmì iná, ti ohùn àti ti ìwọlé-jáde wà ní ẹsẹẹsẹ. Nínú gbogbo èyí, ta ni yóò nàka sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Àwọn kan yóò dáhùn pé orísun rẹ̀ ni kò mọ́. Òtítọ́ ni pé orísun tíátà Yorùbá kò jìnnà sí eégún, àwọn ọmọ Òkè-Ògùn ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí ilẹ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní ìgbà tí àwọn Aláàfin fi Ìgbòho ṣe olú-ìlú, Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ sọ pé àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí kúrò rán àwọn abirùn lọ sórí òkè lọ́hùn-ún láti ṣe bí iwin, kí wọ́n fi igbe wọn dẹ́rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ọba gbọ́ àṣírí náà, ó ní kí wọ́n mú wọn, láti ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Ọba Mórò. Joel Adédèjì, tí ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, so ìbẹ̀rẹ̀ eré náà mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ Ìgbòho yìí àti mọ́ ìdílé Ológbìn Ológbòjò. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní ààfin Ọ̀yọ́-Ilé. Ó rí àwọn oníjó inú àpò, ó rí ère tí ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ère gidi, ó sì rí ẹ̀dà òyìnbó. Ènìyàn ni ó wà nínú ère náà. Iṣẹ́ ẹni tí ó mọ aṣọ gé, tí ó sì mọ̀ ọ́n rán ni.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a tìtorí ìtàn yìí ka iṣẹ́ náà léèwọ̀? Kí àwọn tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ gba Ìsẹ́yìn lọ. Ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ pẹ́ ni Ìsẹ́yìn, ìlú tí òkìkí aṣọ òfì rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá sì ni pẹ̀lú. Nínú àwọn ahunṣọ rẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí kò kéré. Òfì tí ó hun sányán, àlàárì àti ẹtù kò béèrè ẹni tí yóò rà á. Aṣọ tí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àwọn ènìyàn wọ lọ síbi ìnáwó, òun náà ni lèmọ́mù dá ní agbádá lọ sí Yídì, òun náà sì ni ọlọ́jẹ̀ lè rán mọ́ ẹ̀kú. Kò sí àáfà tí ó gun mínbárì láti ní kí wọ́n dáná sun òfì nítorí ẹ̀kú eégún. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ahunṣọ ni pé kí ó má ṣe rẹ́ ẹni jẹ, kí ó má sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ran ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn ahunṣọ ni kí wọ́n fi wọn ẹni tí ń ṣètò ìtàgé.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ yìí lè gbé ènìyàn dé. Ní 1962 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe sílẹ̀, èyí tí ó di ẹ̀ka tíátà lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Demas Nwoko, ọmọ Ìdùmùjẹ̀-Ùgbókò, tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, tí ó sì lọ kọ́ ìṣètò ìtàgé ní Paris. Òun ni ó ṣètò orí ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe ní Ìbàdàn ní 1963. Ṣùgbọ́n kò dúró lórí ìtàgé. Ọwọ́ tí ó mọ pákó tò, tí ó mọ bí iná àti òjìji ti ń ṣiṣẹ́, ni ó yí padà sí ilé kíkọ́. Òun ni ó ya ilé ìjọsìn àwọn àlùfáà Dòmíníkì ní Ìbàdàn, tí àwọn àjèjì ń wá wò títí di òní. Ní 2023, níbi àfihàn iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìtàgé ni àwọn onígbàgbọ́ pè kí ó wá ya ilé ìjọsìn wọn. Bí Mùsùlùmí bá fẹ́ kọ́ mọ́sálásí lọ́la tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ yóò mú ọkàn balẹ̀, tí ohùn lèmọ́mù yóò dé ẹ̀yìn sààfù láìdún gbọ̀ngbọ̀n, ọmọ ta ni yóò ti kọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sílé mọ́. Ní Ìgbójàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní àárín Òkè-Ògùn gan-an, ni Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé tí wọ́n ti ń ya fíìmù sí. Fíìmù Aníkúlápó, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2022, gbé ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ jáde fún gbogbo àgbáyé, ahunṣọ òfì sì ni Sàró, akọni inú rẹ̀. Ilé amọ̀, ààfin, ọjà, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni ẹnìkan ní láti fojú inú rí kí ẹlòmíràn tó fi ọwọ́ ṣe é. Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn òbí Òkè-Ògùn bi ara wọn rèé: níbi irú iṣẹ́ báyìí, ṣé ọmọ wọn ni yóò mú ìwé àwòrán lọ́wọ́, tàbí òun ni yóò máa ru pákó fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́? À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá kọ̀ tí kò jáde, kí ó má bínú sí àkókó.

Ní báyìí, kí ọ̀rọ̀ dé orí ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù. Òtítọ́ ni pé ìbàjẹ́ wà nínú eré púpọ̀: ìmúra ìhòòhò, ìdàpọ̀ tọkùnrin tobìnrin láìsí ààlà, oògùn àti ìbọ tí wọ́n gbé ga bí ẹni pé òun ni ó ń ṣàkóso ayé. Mùsùlùmí tí ó bá sọ pé kò sí ewu níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn Mùsùlùmí ti ń ráhùn pé bí wọ́n bá fẹ́ fi oníjìbìtì hàn nínú fíìmù, láwàní ni wọ́n máa ń wé fún un, tẹ̀sùbáà ni wọ́n sì máa ń fi sí i lọ́wọ́. Ta ni ó yan láwàní náà? Ẹni tí ó ń ṣètò aṣọ ni. Ta ni ó gbé hàǹtú àti igbá oògùn sí yàrá kan náà? Ẹni tí ó ń ṣètò ilé eré ni. Ẹni tí kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti yan aṣọ, kò lè sọ pé aṣọ náà kò yẹ. Ìráhùn tí a ń ṣe láti ìta kò tíì yí láwàní kan padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú yín ń wọ ẹ̀ka tíátà nítorí kí ojú yín lè hàn lára pátákó fíìmù, kì í ṣe nítorí ìmọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé kò ní ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóore. Iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé tí ó sì gbẹ̀yìn lọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ọ, kí ó mọ ohun tí kò ní ṣe kí ó tó kúrò nílé: irú eré tí yóò kọ̀, irú aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní rán, àti pé ìrun kò ní kọjá nítorí ìgbáradì eré. Ẹni tí kò lè kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, ibi tí ó wù kí ó ṣiṣẹ́ sí, ìbáà ṣe báńkì, ìbáà ṣe kóòtù, kò ní là á já.

Ohun mẹ́ta ni ó kù fún àwọn àgbà àti ẹgbẹ́ láti ṣe. Èkíní, kí òbí béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Ìlọrin, níbi tí ẹ̀kọ́ yìí wà, kí wọ́n tó dájọ́. Èkejì, kí ẹgbẹ́ má fi irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Kí wọ́n mú un mọ́ra nínú ìpàdé, nítorí ẹni tí ilé bá lé, ìta ni yóò gbà á. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi iṣẹ́ rán an. Wólímà Àlùkùránì, wáàsí gbangba àti ìgbéyàwó, gbogbo wọn ni ó nílò pèpéle, ìbòòrùn, iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mélòó nínú wáàsí ni ẹ̀rọ ti han ọ̀rọ̀ pa, tí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ohunkóhun títí wọ́n fi túká? Kò yẹ kí iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ẹ̀sìn tó báyìí sọnù lọ́wọ́ ọmọ ẹlẹ́sìn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé bá fi ìmọ̀ àti ìpayà Ọlọ́hun wọ ọmọ láṣọ, ẹ̀yìn ìtàgé kò ní bọ́ ọ lára rẹ̀. Bí ilé kò bá sì wọ̀ ọ́ fún un, kò sí ẹ̀ka yunifásítì kan tí yóò bò ó láṣìírí. Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọ̀dọ́ mọ ọ̀nà, kí Ó sì fún àwọn àgbà ní ọgbọ́n ìdájọ́. Àmín.