Kọ̀ǹpútà Tó Wà Nílé Tó Gbọ́ Rédíò: Ẹ Yé Ní Ká Lọ Ra Tuntun

Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tó ju títẹ lẹ́tà lọ, èsì kan náà ni àwọn àgbà máa ń fọ̀: "Èyí ti gbó, kò lè gbé e. Ní sùúrù títí a ó fi ra tuntun." Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń pa wá lára. Rédíò onísọ́fíwíà ni mo fẹ́ fi já a, nítorí òun gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé ó ju agbára kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lọ.

Ham ni wọ́n ń pe àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i, tí ẹnikẹ́ni kò san owó fún wọn. Káàkiri ayé ni wọ́n wà. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan fi 5N bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìpè rẹ̀, Nàìjíríà ló ti ń sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó fẹ́ gbọ́ wọn ní láti ní rédíò ńlá. Lóde òní, ohun kékeré kan tó rí bíi fíláàṣì, tí wọ́n ṣe fún wíwo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. RTL-SDR lorúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí 2012 ló di mímọ̀ pé ó lè kó ìgbì inú afẹ́fẹ́ fún kọ̀ǹpútà ní tútù, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi ìṣirò yọ ohùn jáde. Ó ń gbọ́ láti nǹkan bí 24 MHz títí dé nǹkan bí 1,700 MHz, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó láptọ́ọ̀pù tuntun.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n nìyí. Bí a bá ṣí i gbagada, ó lè rọ́ òǹkà 2,400,000 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì-méjì sì ni wọ́n so pọ̀. Mẹ́gábáìtì 4.8 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí kọ̀ǹpútà bá gbójú kúrò díẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ti kú. Ṣé orí bíbẹ́ wá ni oògùn orí fífọ́? Ta ló ní dandan ni ká ṣí i tó bẹ́ẹ̀? Ohùn ham kan lórí FM kò gbà ju nǹkan bí 15 kHz lọ. Ẹ dín òǹkà yẹn kù sí 250,000, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Láptọ́ọ̀pù tó wà nílé wa, mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 4GB lọ. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí bàbá mi tà á fún àwọn tó ń kiri ra irin. N kò ra ohunkóhun kún un. Mo pa Chrome. Mo dá àwọn sọ́fíwíà tó máa ń ta jí fúnra wọn lẹ́kun. Mo lọ sí ibi tí Windows ti ń ṣètò agbára iná, mo ní kí ó má ṣe dín agbára kù, kí ó má sì pa ojú USB torí pé ó fẹ́ tọ́jú bátìrì, nítorí ìyẹn lè mú kí rédíò dákẹ́ lójijì. Àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ń ṣàn wálẹ̀ lójú sọ́fíwíà, tí wọ́n ń pè ní waterfall, ẹwà ni, ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni. Mo ní kí ó máa yí ní ìgbà mẹ́wàá péré ní ìṣẹ́jú àáyá. Fáànù tó ti ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta sì rọlẹ̀. Ẹni tí Windows bá ṣì wúwo fún lè lo Linux tó fúyẹ́, pẹ̀lú Gqrx. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. (Ẹ kọ́kọ́ dí dráíbà tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Linux lè rò pé tẹlifíṣọ̀n lẹ fẹ́ wò.)

Ariwo ni kọ̀ǹpútà olówó ńlá pàápàá kò lè wò sàn. Ṣájà, gílóòbù LED, ínfátà, gbogbo wọn ló ń da ìgbì tiwọn sínú afẹ́fẹ́. Ẹ yọ ṣájà, ẹ lo bátìrì, kí ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ilà ariwo ṣe máa pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi wáyà USB gígùn gbé rédíò jìnnà sí láptọ́ọ̀pù, ẹ gbé áńtẹ́nà sí ìta fèrèsé. Ìgbà tí iná bá lọ ládùúgbò ni rédíò wa máa ń mọ́ jù. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo rí nínú kí iná lọ nìyẹn, kì í sì í pẹ́ kí aládùúgbò wa tó tan jẹnẹrétọ̀.

Òbí kan lè ní kí ọmọ lọ kàwé rẹ̀ dípò kí ó jókòó ti rédíò. Ẹ̀yin òbí wa, ìwé náà nìyí. Òǹkà méjì tó so pọ̀ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, sáìnì àti kọ́sáìnì ni, àwọn tí a máa ń bi olùkọ́ pé kí ni a fẹ́ fi wọ́n ṣe lẹ́yìn WAEC. Joe Taylor tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1993, ham ni. Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ FT8, tí òun àti Steve Franke gbé jáde ní 2017, kò béèrè kọ̀ǹpútà tuntun. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń sọ tirẹ̀, nítorí náà aago kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ pé. Ham wà nínú ibùdó òfurufú àgbáyé pẹ̀lú, ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè orí wa, 145.800 MHz ni wọ́n fi máa ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ ni mo ń sọ o. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí aṣọ bò, tí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí a sì ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó kí àwa ọmọ lè dà á kọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, ìjọba máa kó tuntun wá. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé a ó bà wọ́n jẹ́, ẹ fún wa ní àwọn tí ẹ ti kọ sínú ìwé pé wọ́n ti bàjẹ́.