Ẹsẹ̀ Tó Bá Irin Mu: Ọkọ̀ Ojú Irin Accra Lórí Tábìlì

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, kò ṣòro láti rí ilé tí bàbá àgbà ti máa ń sọ ìtàn Ghana. Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣòwò níbẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Nínú ìtàn bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Accra lọ sí Kumasi kì í gbẹ́yìn. Ọdún 1923 ni ọ̀nà irin náà parí.

Bí ọmọ-ọmọ bá wá fẹ́ ṣe ọkọ̀ náà ní kékeré sórí tábìlì, kí bàbá lè tún fojú rí i, ohun tó dára ni. Àmọ́ owó lè ṣòfò sí i. Òkè òkun ni ẹ̀ńjìnnì kékeré sábà máa ń ti wá, kò sì rọrùn láti dá a padà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí ẹsẹ̀ ni yóò sọ bóyá ọkọ̀ á rìn tàbí á máa já bọ́ ní gbogbo oríta.

Apá méjì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ní: ojú tó ń yí lórí irin, àti etí tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ inú irin. Àwọn kan rò pé etí nìkan ló ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn kì í gé ojú ẹsẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Ó tóbi díẹ̀ lápá inú, ó kéré lápá òde. Ẹ lè fi han àwọn ọmọ nílé. Ẹ fi ẹnu ife oníke méjì kan ara wọn, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dì wọ́n. Ẹ jẹ́ kó yí lórí igi gbọọrọ méjì tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, apá ọ̀tún á bọ́ sí ibi tó tóbi, apá òsì á bọ́ sí ibi tó kéré, yóò sì fúnra rẹ̀ padà sáàárín. Ẹ wá fi ìdí ife kan ìdí: kò ní pẹ́ tí á fi já bọ́. Etí wà fún ibi tí èyí kò bá ti tó, bíi kọ́nà tó le àti oríta. Kọ́nà orí tábìlì sì máa ń le ju ti gidi lọ.

Ní ìwọ̀n 1:87 tí wọ́n ń pè ní HO, etí gidi tó jìn tó nǹkan bíi mílímítà 28 yóò di nǹkan bí ìdá mẹ́ta mílímítà kan. Ó jọ gidi, ṣùgbọ́n tábìlì tó wọ́ díẹ̀ ti tó láti jù ú sílẹ̀. Ti àwọn ohun ìṣeré àtijọ́ lè jìn ju mílímítà kan lọ. Wọn kì í tètè já bọ́, àmọ́ lórí irin tí kò ga, etí náà á máa gbá ohun tó di irin mọ́ igi, ọkọ̀ á sì máa fò.

Àárín méjèèjì ni RP-25 wà, ìlànà NMRA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935. Etí rẹ̀ jìn tó nǹkan bíi mílímítà 0.6. Ibi tí etí gbé pàdé ojú ẹsẹ̀ sì ṣe róbótó, kí ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ gun irin lè yọ̀ padà. Fún ilé tí ọmọdé wà, òun ni kí ẹ mú. Èyí tí wọ́n ń pè ní code 110, tó fẹ̀ tó mílímítà 2.8, ló dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Code 88 fẹ̀ tó mílímítà 2.2, ó sì jọ gidi jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí àlàfo oríta bá fẹ̀, á rì sínú rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ ọ̀nà irin tí ẹ fẹ́ ṣe. Àlàfo àárín irin méjèèjì lójú ọ̀nà àtijọ́ Accra sí Kumasi jẹ́ mílímítà 1,067. Ní 1:87, mílímítà 12 ló sún mọ́ ọn. Ti ọ̀nà tuntun Tema sí Mpakadan, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, jẹ́ 1,435, ìyẹn mílímítà 16.5 lórí tábìlì. Ní Ghana gan-an, ọkọ̀ ọ̀kan kò lè gun ojú irin èkejì. Orí tábìlì náà kò yàtọ̀. Bàbá tó wọkọ̀ ṣáájú 1969, mílímítà 12 ni tiwọn.

Bí ẹ̀ńjìnnì bá dé, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì. Fún irin mílímítà 16.5, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 14.4. Bó bá fún jù tàbí fẹ̀ jù, oríta ni yóò ti kọsẹ̀. Kí ẹ tó tan iná sí i, ẹ fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ṣoṣo gba oríta kọjá jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn, nígbà mẹ́wàá. Bí kò bá já bọ́, ẹ pe bàbá wá jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn júwe ibi tí Accra, Nsawam àti Koforidua máa wà.