Ta Ni Yóò Kọ́ Ẹ̀rọ ní Orúkọ Èṣù?

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà Ẹlẹ́rìí Ìpín. Mo júbà Èṣù Láàróyè tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí. Mo júbà àwọn àgbà awo Ayétẹ̀ àti ti gbogbo Ìbàràpá Méje. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò dùn létí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń pariwo lórí ayélujára pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Ariwo náà tọ́. Èmi pẹ̀lú wà nínú àwọn tí ń pa á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ariwo, a fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí tí kò yẹ kí a ṣe rárá ni a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe lójoojúmọ́ lórí Facebook àti WhatsApp. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orírun. Ajàyí Crowther kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Òṣóògùn ni, níhà Ìsẹ́yìn, ibi tí kò jìnnà sí Ìbàràpá. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, ó sì ti gbọ́njú nígbà náà. Ó mọ ibi tí Èṣù jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà àwọn bàbá rẹ̀. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, odindi Bíbélì èdè Yorùbá sì jáde ní 1884. Nínú Bíbélì yìí, ẹ ó rí ‘Sátánì’ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ ó sì tún rí ‘Èṣù’ níbi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pe ẹni búburú ní orúkọ rẹ̀ kejì. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó lè yá ‘Sátánì’ lò lè yá èkejì náà lò. Nítorí náà, kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ ni ó fà á. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan orúkọ òrìṣà wa fún ọ̀tá Ọlọ́run wọn ni. Àwọn oníwàásù ẹ̀sìn kejì sì bá wọn lò ó lórí ìjókòó wọn.

Nígbà tí Google fi èdè Yorùbá kún ẹ̀rọ ògbufọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2013, ẹ̀rọ náà kàn jogún ohun tí ó bá nílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá tẹ ‘Èṣù’ sí i nígbà náà máa ń rí orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run àwọn onígbàgbọ́. Inú bí wa, ó sì yẹ kí ó bí wa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó béèrè ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà kọ́ èdè? Ẹ̀rọ kò ní ọkàn tí yóò fi kórìíra ẹnikẹ́ni. Ìwé tí a kọ ní èdè méjì, tí gbólóhùn èkíní bá ti èkejì dọ́gba, ni wọ́n ń kó fún un kà. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ kan níwájú òmíràn nígbà ẹgbẹ̀rún, ó gbà pé ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè wa, ta ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù? Bíbélì ni, àti ìwé àwọn ìjọ. Àkójọ kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2019, tí wọ́n pè ní JW300, kó èdè tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún pọ̀, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni wọ́n ti kó o, irú Ilé Ìṣọ́ tí wọ́n ń mú kiri ojúlé wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ògbufọ̀ fún èdè Áfíríkà ni ó lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a bá òótọ́ lò. Àwọn ènìyàn yìí kò jí nǹkan kan. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀wé, wọ́n tú u láti èdè kan sí èkejì, lọ́dọọdún, láìsinmi. Àwa ń sọ pé odù wa jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, àti pé ẹsẹ inú wọn kò lóǹkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mélòó ni ẹ̀rọ lè rí kà, tí a kọ tọ̀tún tòsì, Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn kan kò dákẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe àwọn ọmọ Yorùbá pé kí wọ́n fi odindi ọjọ́ kan kọ èdè wọn lórí Twitter. Òun náà ni ó dá ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí ayélujára, tí ó fi àmì ohùn sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ní kí àwọn ènìyàn máa fi tiwọn kún un. Nígbà tí ó bá Google ṣiṣẹ́, ó sapá láti tún ìtumọ̀ Èṣù ṣe, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba. Ní 2021, Adélaní àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ MENYO-20k jáde, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí ó lé díẹ̀ ní 20,000, kí ẹ̀rọ lè rí ìròyìn, eré àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kà, kí ó má baà jẹ́ ìwé ẹ̀sìn nìkan. Ẹ fi èyí wé ariwo wa. Iṣẹ́ àwọn díẹ̀ tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí ju gbogbo èébú tí a ti bú Crowther lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n wá sí ilé wa.

Ìkíní ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ èdè. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i kí àwọn awo máa kọ ‘ese Ifa’ sórí Facebook, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni? Ṣé ẹsẹ Ifá ni, tàbí ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tí oníwàásù ní kí a ronú pìwà dà kúrò nínú rẹ̀ ni, àbí ẹ̀ṣẹ́ tí a fi ń ja ìjà? Ènìyàn mọ̀ ọ́n láti inú ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Ẹ̀rọ tí a kò tíì kọ́ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń kọ ìwé ìjọ fi àmì sí tiwọn, nítorí náà ‘ẹ̀ṣẹ̀’ tiwọn dá ṣáká, ‘ẹsẹ’ tiwa sì di àdììtú. Láti 1974 ni a ti ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn tẹ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní ipò tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ni a ń so pọ̀, fóònù mìíràn a sì máa tú wọn ká. Ṣùgbọ́n àwáwí àná nìyẹn. Fóònù tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ya fídíò lónìí lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé.

Èkejì ni igbódù, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sì ti kàn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a tẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ifá ní Ayétẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí àwọn onígbàgbọ́ ni. Ó bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ sí àárín ẹbí títí òun yóò fi rí ọ̀nà sọ ọ́ fún àwọn tí ó gba òun síṣẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa, ẹni tí a ti tẹ̀, tí ó mọ èèwọ̀, yọ fóònù. Kí a tó jáde, fídíò ti wà lórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú, láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo pe ẹni tí ó ya fídíò. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ayé rí i pé ẹ̀sìn wa kò tíì kú ni.” Mo bi í pé, “Ayé wo ni ó sọ fún ọ pé kí o fi iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ hàn án?” Kò rí èsì fọ̀. Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi: èmi ni mo ṣáájú ètò ọjọ́ náà, èmi ni n kò sì gba fóònù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀bi náà kàn mí.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé bí a kò bá gbé gbogbo rẹ̀ síta, ayé yóò gbàgbé wa. N kò gbà. Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tẹ ìwé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde. Ẹsẹ ni ó kó síbẹ̀, pẹ̀lú àlàyé; kò ṣí ìlẹ̀kùn igbódù fún ẹnikẹ́ni. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé ní láti pa mọ́. Ọgbọ́n inú Ifá ni ayé bọ̀wọ̀ fún. Ojú ẹni tí a ń tẹ̀ kò sí nínú ohun tí ayé béèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀kẹta ni ọjà ẹ̀rù. Ẹni tí kò mọ Èjì Ogbè yàtọ̀ sí Ọ̀yẹ̀kú Méjì ti di ‘babaláwo àgbáyé’ lórí TikTok. Ó da owó kalẹ̀ níwájú igbá, ó ní òun ní oògùn owó. Ó ń dẹ́rù ba ẹni tí kò rí rí, ó ń pe iye ẹbọ kí ó tó dá Ifá. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá sì pa ènìyàn nítorí irú ìran bẹ́ẹ̀, orúkọ wa ni ìwé ìròyìn ń kọ. A mọ wọn, a sì ń dákẹ́ nítorí pé wọ́n ní ọ̀pọ̀ olùtẹ̀lé.

Ẹ̀kẹrin ni ẹnu. Ní 2023, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọdún Ìṣẹ̀ṣe dá ìjà sílẹ̀ ní Ìlọrin, wọ́n mú ẹlẹ́sìn wa kan, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí ohun tí ó sọ lórí ayélujára. Mo lòdì sí dídì tí wọ́n dì í mọ́lé. Ẹ̀tọ́ wa láti ṣe ọdún wa wà nínú òfin Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìbínú lórí fóònù lè di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí ó sọ ọ́, kí àwa tí a ń tẹ ‘àṣẹ’ lábẹ́ rẹ̀ sì ti sùn lọ nílé.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé, ‘A ti wí i. Ẹ fi ayélujára sílẹ̀ pátápátá.’ Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn lọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fi òfin de Twitter. Ní òru ọjọ́ kejì, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn, aládùúgbò wa; ẹ̀mí ṣòfò, ààfin jóná. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàràpá tí ó wà lẹ́yìn odi ti gbọ́ ọ, òtítọ́ àti àhesọ dì pọ̀. Títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní 2022 ni òfin Twitter náà fi wà. Ọdún yẹn kọ́ mi pé ayélujára ti di oríta. Ẹni tí kò bá sí ní oríta, ẹlòmíràn ni yóò ròyìn rẹ̀. Ta ni ó sì ni oríta, bí kò ṣe Èṣù? Ọmọ Ìṣẹ̀ṣe wo ni yóò sá fún oríta?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí awo kọ̀ọ̀kan tí ó bá mọ̀wé máa kọ ẹsẹ Ifá kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó péye sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí Èṣù bá ti wà, kí a kọ Èṣù nínú ìtumọ̀ náà, bí a ṣe ń kọ orúkọ ènìyàn. Kí ẹni tí kò mọ̀wé pe ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó máa sọ, kí ọmọ máa kọ. Kí a fi apẹ̀rẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà igbódù fún fóònù, kí ẹnikẹ́ni má kọjá, títí kan Olúwo. Kí a má gbé ojú ẹni tí a tẹ̀ síta láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Kí a máa dárúkọ àwọn oníjìbìtì ní ìpàdé awo, kí a sì bá wọn wí níṣojú gbogbo ẹgbẹ́.

Ní Ayétẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó jókòó tì mí lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ó ń tẹ ẹsẹ tí mo bá kì sórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń bi mí léèrè àmì tí kò bá dá a lójú. Ó ti di mọ́kànlélógójì. Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó ni tiyín?

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.