Bluetooth Kọ́ Ló Ń Pa Yín Lára, Ariwo Ni

Ọ̀rọ̀ kan ti di ìgbàgbọ́ nígboro báyìí, débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́: wọ́n ní íápíìsì aláìlókùn, èyí tó ń lo Bluetooth, máa ń se ọpọlọ, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ìyá ń kìlọ̀ rẹ̀ fọ́mọ tó fẹ́ lọ sáré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti orí fóònù kan dé òmíràn, pẹ̀lú àwòrán agbárí tó pọ́n kuku. Irọ́ ni. Ohun tó sì mú mi kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí ni pé irọ́ náà ti bo ewu gidi mọ́lẹ̀, ewu tó ń ba etí àwọn ọ̀dọ́ wa jẹ́ lójoojúmọ́ tí wọn kò fura.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rí wọn wò. Wọ́n ní ìgbì tó ń gbé oúnjẹ gbóná nínú máíkíróweefù náà ni Bluetooth ń lò. Òótọ́ ni pé inú ọ̀wọ́ ìgbì kan náà làwọn méjèèjì wà, ní nǹkan bíi gìgáhẹ́tììsì 2.4. Agbára wọn wá ńkọ́? Máíkíróweefù oníwáàtì 1,000 ń da gbogbo agbára yẹn sínú àpótí irin tí kò jẹ́ kó jáde. Bluetooth Kíláàsì kejì, irú tí wọ́n sábà ń fi sínú íápíìsì, kì í ju mílíwáàtì 2.5 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ ó kó íápíìsì bẹ́ẹ̀ 400,000 jọ kí agbára wọn tó tó ti máíkíróweefù kan ṣoṣo. Fóònù tẹ́ ẹ ń gbé lé etí gan-an, tó bá jẹ́ GSM orí ìgbì mẹ́gáhẹ́tììsì 900, lè lo tó wáàtì 2 nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá dáa. Ẹni tó bọ́ Bluetooth sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, tó wá gbé fóònù lé etí, ìgbì tó lágbára jù ló sá lọ bá.

Ti jẹjẹrẹ wá ńkọ́? Ìtànṣán X-ray lágbára tó láti já ìsokọ́ra inú DNA wa, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ìgbì rédíò, irú èyí tí Bluetooth ń lò, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà, agbára tó wà nínú ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń wọ ojú wa ju ti Bluetooth lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100,000, a sì ń jókòó sábẹ́ gílóòbù láti alẹ́ dìgbà tá a bá fẹ́ sùn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́dún 2011, IARC, ẹ̀ka àjọ náà tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kó ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ̀rí tó wà lórí wọn ṣì kéré, tí wọn ò lè sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ, tí wọn ò sì lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Inú 2B yìí náà ni àyọjáde odindi ewé aloe vera wà, aloe vera táwọn kan nínú àwọn tó ń pariwo Bluetooth ń mu láàárọ̀ fún ìlera. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ tí àjọ náà gbéṣẹ́ fún yẹ ìwádìí 63 wò lórí fóònù àti ìgbì rédíò. Wọn ò rí i pé lílo fóònù ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọpọlọ. Fóònù nìyẹn o, tó lágbára ju íápíìsì lọ fíìfíì.

Ti lẹ́tà àwọn onímọ̀ ló dùn mí jù. Lọ́dún 2019, ariwo gba ayé kan pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní 200 ti kọ̀wé sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti kìlọ̀ nípa AirPods, irú íápíìsì aláìlókùn kan. Lẹ́tà náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni wọ́n ti gbé e jáde, nígbà tó sì jẹ́ pé oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni AirPods dé ọjà. Fóònù, òpó nẹ́tíwọ̀kì, Wi-Fi àti wáyà iná mànàmáná wà lára ohun tó mẹ́nu bà. Báwo lèèyàn ṣe máa kìlọ̀ nípa ọjà tí wọn ò tíì ṣe?

Àwọn kan á ní, “Ṣé ìṣọ́ra náà wá burú ni?” Ó burú bó bá jẹ́ ibi tí ewu ò sí lèèyàn ń ṣọ́. Ẹ wọ jíìmù nírọ̀lẹ́, ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti bọ́ Bluetooth nítorí ọpọlọ rẹ̀, tó ra íápíìsì olókùn. Sípíkà jíìmù ń dún lókè orí rẹ̀, irin ń já lulẹ̀ gbàgà, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri. Kó lè gbọ́ orin tiẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì títí ìlà fi kún. Fóònù kọ ìkìlọ̀ sójú gíláàsì pé ohùn ti pọ̀ jù. Ó fọwọ́ nù ún kúrò láìkà á. Ẹni tó dúró tì í ń gbọ́ ìlù látinú etí rẹ̀. Síbẹ̀, ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin náà balẹ̀ pé òun ti yẹra fún ewu.

Nínú etí kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì onírun wínníwínní tó ń gba ohùn fún ọpọlọ tó nǹkan bí 15,000. Ariwo máa ń tẹ̀ wọ́n ba ni, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ koríko. Tí wọ́n bá rí ìsinmi, wọ́n lè nà padà. Tó bá di ojoojúmọ́, wọ́n á kú. Etí adìyẹ ń hu tuntun. Tèèyàn kì í hù. Òṣùwọ̀n NIOSH, àjọ tó ń wádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni pé kéèyàn má lò ju wákàtí 8 lóòjọ́ lọ nínú ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85. Tó bá fi 3 lé e, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ọ̀pọ̀ íápíìsì lè dé 100 tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, wákàtí kan lèèyàn sì fi ń sáré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan èèyàn, láti ọmọ ọdún 12 sí 35, tí irú ariwo báyìí lè ba etí wọn jẹ́.

Kì í ṣe pé etí á di lọ́jọ́ kan. Ohùn tínrín ló ń kọ́kọ́ lọ: s, f, ṣ. Ẹni náà ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, pàápàá níbi ayẹyẹ. Á máa rò pé àwọn èèyàn ń kùn lẹ́nu ni. Etí á máa hó lóru, oorun á dá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé irin, ẹ lo Bluetooth yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wá èyí tó dí etí dáadáa fún jíìmù, kẹ́ ẹ lè gbọ́ orin láìtẹ̀ ẹ́ sókè. Tó bá jẹ́ ẹ̀bá títì lẹ ti ń sáré, ẹ yọ ti etí kan, torí ọ̀kadà kì í dúró. Ẹ ṣí ibi ètò fóònù yín lónìí, ẹ dé ohùn rẹ̀ mọ́ ìdajì tàbí díẹ̀ sí i. Bí etí yín bá sì ń hó lẹ́yìn eré ìdárayá, ẹ má fi òróró sí i, ẹ lọ rí dókítà etí.