Ẹ Fi Òrí Ra Ọmọ Lára, Ẹ Má Jù Ú Sókè

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Awuyewuye pọ̀ nínú ilé lórí ìwẹ̀ ọmọ. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, wọn á na ẹsẹ̀, wọn á tẹ́ ọmọ sórí itan. Wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á nà án, wọn á gbé e rọ̀ lápá kan, wọn á jù ú sókè, wọn á tún hán an. Ìyá ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ á máa já. Ọjọ́ tí ìyá àgbà bá padà sílé wọn, ìyá ọmọ á ní òun ò ṣe irú ìyẹn mọ́: omi, ọṣẹ, aṣọ, ó tán. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń ju ọmọ mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ ra á lára mọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ fi jíjù sílẹ̀, ẹ má fi ríra sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọwọ́ yìí wò. Lọ́dún 1986, Tiffany Field àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Miami, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ 10, wọ́n ń fọwọ́ ra àwọn ọmọ náà lára, wọ́n ń ká apá àti ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń nà wọ́n padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Oúnjẹ wọn kò ju ti àwọn ọmọ tí a kò ra lára lọ. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n ń fi kún ara lójúmọ́ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì fi ọjọ́ 6 ṣáájú wọn kúrò ní ilé ìwòsàn. Àlàyé tí Field ṣe ni pé iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá sí ọkàn àti ikùn. Bí ọwọ́ bá tẹ ara díẹ̀, iṣan náà á jí, inú ọmọ á sì máa lo oúnjẹ dáadáa. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní “díẹ̀.” Ọwọ́ tó kàn ń fò lórí awọ kò ṣe iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe agbára la fi ń ṣe é.

Òróró náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Dhaka, ní Bangladesh, wọ́n fi òróró sunflower pa àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé lára. Àbájáde tó jáde ní 2005 fi hàn pé àkóràn inú ilé ìwòsàn fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín wọn. Awọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́, kòkòrò àìsàn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá kéré bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kó tó fi ohunkóhun pa á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wákàtí 24 ti kọjá lẹ́yìn ìbí kí a tó wẹ ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé èékánná, ẹ bọ́ òrùka, ẹ fọ ọwọ́. Ẹ mú òrí tó mọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ. Kì í ṣe ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú yó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Tó bá kan ikùn, ẹ yí ọwọ́ po bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, torí ọ̀nà tí ìfun ń gbà nìyẹn. Bó bá ń sunkún, tó ń yíjú kúrò, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ má tẹ àwùjẹ̀. Egungun ibẹ̀ kò tíì so pọ̀, ó sì máa ń tó bí ọdún kan ààbọ̀ kó tó dí. Ẹ má fún ọmú ọmọ tuntun: ohun tó ti ara ìyá wá ló mú un wú, ì báà ṣe ọkùnrin ì báà ṣe obìnrin, yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Fífún un ló ń sọ ọ́ di eéwo. Jíjù sókè ńkọ́? Ọrùn ọmọ kò tíì le. Bí orí bá ń mì síwá sẹ́yìn, ọpọlọ á máa gbá nínú agbárí, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè já níbẹ̀. Ẹ sì kó kánfọ̀ kúrò láàárín aṣọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọkùnrin, ni èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kánfọ̀ á fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú á pọ́n, ọpọlọ sì lè bàjẹ́ títí ayé.

Àgbàlagbà náà nílò ọwọ́ yìí. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ oníṣègùn American College of Physicians ní kí ẹni tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro kọ́kọ́ gbìyànjú nǹkan gbígbóná tàbí fífọwọ́ wọ́ ara, kó tó kan oògùn. Àwa ńkọ́? Obìnrin oníṣòwò tó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀ á ra àpòpọ̀ oògùn inú ọkọ̀ lálaalẹ́, títí yóò fi dá ọgbẹ́ sí i nínú. Ọkọ rẹ̀ wà nílé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé! Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín wọ́ ẹ̀yìn. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí iṣu ẹsẹ̀ ń dun ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì lè wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tẹ ikùn aláboyún.

Àwọn òbí wa tó ti darúgbó ló ń dùn mí jù. A ń fowó ránṣẹ́, a ń pè wọ́n lórí fóònù, ṣùgbọ́n ta ló ń fọwọ́ kàn wọ́n? Bí ẹ bá délé, ẹ fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn lè ní egbò lábẹ́ ẹsẹ̀ láìmọ̀; ẹni tó ń wọ́ ọ ló máa kọ́kọ́ rí i.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, kí abiyamọ tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ fi bí a ṣe ń ra ọmọ lára hàn án, kó ṣe é lójú yín. Ẹ pe ìyá àgbà wọlé pẹ̀lú, torí ọwọ́ wọn ni ọmọ náà ń lọ.