Ọkàn Obìnrin Lẹ́yìn Jẹjẹrẹ

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta aṣọ nítòsí bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú ní Èkó ti bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ọyàn. Ṣùgbọ́n bó bá gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ dé ìdajì báyìí, á dúró, á di irin mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, okùn sálúbàtà á ti rì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. “Àgbà ló dé, àbúrò mi,” ló máa ń wí.

Ó lè jẹ́ àgbà. Ó sì lè jẹ́ oògùn tó gbà á là. Doxorubicin, oògùn kímò tó pupa bíi sóbò, máa ń pa jẹjẹrẹ, ó sì lè sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára. Bí àpapọ̀ èyí téèyàn gbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu rẹ̀ ń pọ̀, ìyẹn ló fà á tí dókítà fi ń ṣírò rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọdún á ti gorí ọdún kí ìpalára náà tó fojú hàn. Trastuzumab, oògùn jẹjẹrẹ ọyàn mìíràn, náà lè dẹ́rù pa ọkàn, àmọ́ bí wọ́n bá tètè rí i, tí wọ́n dá oògùn náà dúró, ọkàn sábà máa ń padà bọ̀ sípò.

Àwọn kan ní kí gbogbo obìnrin tó ti gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ya àwòrán ọkàn, ìyẹn ẹ́kò, déédéé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: láàárín àwọn àgbàlagbà obìnrin tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Amẹ́ríkà, àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ pa ju jẹjẹrẹ ọyàn náà lọ.

Àwọn mìíràn ń bi wá pé, owó dà? Ẹni tó ti ta fírísà nítorí kímò ni a tún fẹ́ kó máa ti Dọ̀pẹ̀mú lọ sí ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà tàbí LUTH n'Ídì-Àràbà, kó máa fi owó àpò ara rẹ̀ sanwó àyẹ̀wò. Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ ọkàn dẹ́rù bani jù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lè sá fún oògùn. Jẹjẹrẹ á sì pa á kí ọkàn rẹ̀ tó ráhùn rárá. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba ìwọ̀n tó yẹ kì í ní àrùn ọkàn nítorí rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò lè gbà kí obìnrin gba omi pupa yẹn láìkọ́kọ́ ya ẹ́kò kan. Láìsí i, ta ló máa mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀? Lẹ́yìn ìtọ́jú, kí ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tó gba oògùn náà púpọ̀, tàbí tí wọ́n fi iná ìtànṣán tọ́jú ọyàn òsì rẹ̀, tún un ṣe. Ẹni tí kò sí nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìrìn ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ń já, tí ẹsẹ̀ ń wú, ọ̀rọ̀ owó kọ́ nìyẹn mọ́.

Mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mọ̀ pé ó gba kímò rí. Ó ní kò bi òun. Ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, lábẹ́ àwọn àǹkárá inú àpótí. A ti yọ ọ́ jáde. Ní Ọjọ́rú, a jọ ń gbé e lọ sí ọsibítù Ìgàndò.