Bàálù Ogun Tó Ti Darúgbó: Ṣé Ká Tún Un Ṣe, Àbí Ká Ra Tuntun?

  Èmi ọmọ yín náà ló tún dé, bí mo ṣe máa ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nínú àwọn ìwé tí ẹ kọ sí wa, ọ̀kan wà tí mi ò lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá alálùbọ́sà kan ní Ìbàdàn ló kọ ọ́. Màmá ní àwọn gbọ́ lórí rédíò pé àwọn sójà òfuurufú ilẹ̀ wa ń tún bàálù ogun àtijọ́ ṣe, wọ́n sì tún ń wá àlòkù kún un. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló kan alálùbọ́sà nínú bàálù ogun? Àti pé, bàálù tó ti darúgbó, ṣé kò ní í dára kí wọ́n kó o dànù, kí wọ́n ra tuntun?" Ìbéèrè méjì nìyẹn. N ó gbìyànjú láti dáhùn méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Màmá, Òkè Ọya ni àlùbọ́sà yín ti ń bọ̀. Bí àgbẹ̀ kò bá lè lọ sóko nítorí àwọn agbébọn, bí dẹ́rẹ́bà tírélà bá ń bẹ̀rù ọ̀nà nítorí àwọn ajínigbé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bódìjà lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, kí àwọn ọ̀gá ní Àbújá tó mọ̀. Bàálù ogun sì wà lára ohun tí ìjọba fi ń lé àwọn ènìyàn burúkú yẹn nínú igbó. Bí bàálù bá jókòó sílẹ̀ tí kò lè fò, owó ọjà ló máa fò.

Ìbéèrè kejì ló gba sùúrù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn bàálù tá a ti ní rí.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, Nàìjíríà gba bàálù ìjà MiG-21 lọ́wọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ayé ìgbà náà ní 1975. Nígbà tó di 1984, a tún bẹ̀rẹ̀ sí gba Jaguar lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. 18 ni Jaguar tá a rà, bàálù alágbára sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1991, wọ́n ti dá gbogbo wọn dúró, nítorí kò sówó láti máa tọ́jú wọn. Ọdún méje péré! Àwọn MiG náà padà di ohun ìwòran nílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tà á fún wa, títí di 2007 ni wọ́n fi ń fi Jaguar tiwọn jà. Àwọn ará Íńdíà, wọ́n tún tiwọn ṣe léraléra, wọ́n yọ ojú àtijọ́ kúrò, wọ́n fi ojú tuntun sí i, ó sì ń fò lọ́wọ́ wọn títí di ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta já lulẹ̀ lọ́dún yẹn nìkan. Bàálù kan náà ni o.  Kí ló wá pa tiwa ní ọmọ ọdún méje? Ogbó kọ́. Àìtọ́jú ni.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè gbà pé ká kó àlòkù dànù. Ẹni tó ra tuntun tí kò mọ ìtọ́jú, láìpẹ́ àlòkù náà ni yóò ní lọ́wọ́.

Èyí tó wá tọ́jọ́ lọ́wọ́ wa jù ni Alpha Jet. Àwọn ará Jámánì àti Faransé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Nàìjíríà ra 24 ní àwọn ọdún 1980. Kì í ṣe bàálù tó ń sáré àsápajúdé, ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wa bàálù ìjà. Síbẹ̀, ó bá ECOMOG jagun ní Liberia àti Sierra Leone ní àwọn ọdún 1990, òun náà ló sì tún dojú kọ Boko Haram ní Borno. Bàbá arúgbó tó ṣì ń roko ni.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń tún bàálù ṣe? Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ fetí sílẹ̀, èdè yín ni mo fẹ́ sọ.

Mọ́tò a máa ka máìlì. Wákàtí ni bàálù ń kà. Bó bá ti fò dé iye wákàtí kan, yálà nǹkan ń ṣe é o, yálà kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ẹ gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ pátápátá. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnì, wọ́n á yọ wáyà, wọ́n á yẹ apá rẹ̀ wò. Ẹ̀yin jórinjórin mọ̀ pé bí èèyàn bá mú wáyà, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, á kán lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ ní ìṣáájú kò ju ti ìgbẹ̀yìn lọ. Bí apá bàálù ìjà ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà gbogbo tó bá yí bìrí lójú ọ̀run. Irin náà a máa rẹ̀. Ó lè sán wẹ́rẹ́ níbi tí ojú lásán kò lè rí, àfi kí wọ́n yà á ní fọ́tò bí wọ́n ṣe ń ya eegun èèyàn ní ọsibítù.

Ìtọ́jú nìyẹn. Àtúnṣe tó ju ìtọ́jú lọ ni kí wọ́n fún un ní ojú àti etí tuntun: rédíò tuntun, ẹ̀rọ tó ń tọ́ka ọ̀nà, kámẹ́rà tó ń ríran lóru, ẹ̀rọ tó ń mú bọ́ǹbù balẹ̀ síbi tí wọ́n fojú sùn. Ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀míìn. Ẹ̀rọ tó jẹ́ àràbarà ní 1982, fóònù ọwọ́ ọmọ yín ti gbọ́n jù ú lọ lónìí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: àga tí awakọ̀ jókòó lé. Ẹ̀tù wà lábẹ́ àga yẹn. Bí bàálù bá fẹ́ já, awakọ̀ á fa nǹkan kan, ẹ̀tù á gbiná, àga á gbé e fò síta, agboòrùn ńlá á ṣí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù náà ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́, bíi ti oògùn òyìnbó. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ lò ó rí. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á ní ìnákúnàá ni.

Ẹ bi ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Abayomi Dairo. Flight Lieutenant ni lọ́jọ́ 18 oṣù keje ọdún 2021, ó ń wa Alpha Jet bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ gbógun ti àwọn ajínigbé ní ààlà Zamfara àti Kàdúná. Àwọn agbébọn da ìbọn bo bàálù náà, ó já. Ìbọn ló já a o, n kò ní ogbó ni. Ṣùgbọ́n àga yẹn ṣiṣẹ́! Ó gbé e jáde láàyè. Ó sá pamọ́ sí àwọn ìletò tó wà nítòsí, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó fi fóònù wá ọ̀nà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti ná owó ẹ̀tù yẹn síbòmíràn ńkọ́?

Gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n padà wálé. Ó lé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2021, Alpha Jet mìíràn pòórá lójú rédà ní Borno pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin méjì nínú rẹ̀. Nǹkan bí ọdún kan kọjá kí àwọn sójà tó rí àfọ́kù rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló ní ìyá. Bí a bá ń ṣírò owó àtúnṣe, ẹ jẹ́ ká máa rántí ìyá tó ń wo ojú ọ̀nà.

Ojú bàálù náà kan àwa tá a wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, bàálù ológun ilẹ̀ wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìwádìí tí àwọn ológun ṣe sọ pé wọn kò fi àmì sí ibẹ̀ dáadáa pé àgọ́ aráàlú ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ríran tí ẹni tó wà nílẹ̀ kò sọ òótọ́ ohun tó wà níbẹ̀, òfo ni. Kí wọ́n tún bàálù ṣe, kí wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ ibi tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí ṣe pẹ̀lú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ báyìí: "Akọ̀wé, ṣé títí ayé la ó máa tún un ṣe ni?" Rárá o. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Íńdíà tá a yìn lẹ́ẹ̀kan kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí náà. Wọ́n gba MiG-21 ní 1963. Wọ́n tún púpọ̀ nínú wọn ṣe, wọ́n sọ wọ́n ní Bison. Ó fò, ó jà, ṣùgbọ́n ó ń já lemọ́lemọ́ títí tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní pósí tó ń fò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀kan já lu ilé kan ní abúlé ní Rajasthan, ó pa obìnrin mẹ́ta. Awakọ̀ yè é. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n tó dágbére fún MiG-21, lẹ́yìn ọdún 62. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ó ti pẹ́ jù.

Ká wá bọ̀ sórí owó, nítorí ọlọ́jà ni yín. Super Tucano 12 tá a rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tí 6 àkọ́kọ́ dé Kano ní oṣù keje ọdún 2021, owó rẹ̀ sún mọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là. Owó yẹn kì í ṣe ti bàálù nìkan. Sípéà wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì wà nínú rẹ̀, ilé ìtọ́jú tuntun ní Kainji wà nínú rẹ̀. Ó wọ́n, àmọ́ bó ṣe yẹ kí èèyàn ra nǹkan nìyẹn. Ẹ wá wo F-7 tá a rà lọ́wọ́ Ṣáínà. Àdéhùn 2005 ni, 15 ni, 251 mílíọ̀nù dọ́là ni. Nígbà tó di 2021, wọ́n kéde pé 7 nínú wọn máa padà sí Ṣáínà kí wọ́n lọ tú wọn palẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ra mọ́tò, tó jẹ́ pé ìlú tí wọ́n ti rà á ló ní láti gbé e lọ fún ìtọ́jú, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe rí.

Síbẹ̀ a ní àwọn tó mọ iṣẹ́. Ní 2015, Nàìjíríà ra Alpha Jet mélòó kan tí àwọn aládàáni ń lò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun ìjà kúrò lára wọn. Àwọn ọmọ wa ní Kainji ló fi ohun ìjà padà sí wọn lára. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ ológun òfuurufú bá Innoson, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Nnewi, sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa rọ díẹ̀ nínú sípéà bàálù nílé níbí. Irú èyí ló ń mú inú mi dùn.

Nítorí náà, Màmá, èsì mi rèé. Mo fara mọ́ àtúnṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe ojú ayé. Bí wọ́n bá ní àwọn tún bàálù ṣe, ọ̀dà tuntun kọ́ ni ká máa wò. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn aṣòfin wa ní nǹkan mẹ́ta. Sípéà ọdún mélòó ló wà nílẹ̀? Ọmọ Nàìjíríà mélòó ló kọ́ iṣẹ́ náà tí òyìnbó fi lọ? Ọjọ́ wo ni wọ́n dá pé, bó bá ti dé, bàálù yìí kò gbọ́dọ̀ fò mọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀? Bí wọn kò bá rí ìkẹta dáhùn, kí wọ́n má ṣe gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta yìí kan náà sì ni ká bi wọ́n bí wọ́n bá ra tuntun.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi ní wọ́kiṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ gbọ́ tiyín. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé mọ́tò kan ti kọjá àtúnṣe? Kí lẹ máa ń sọ fún oníbàárà tí kò fẹ́ gbà? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kò gbọ́dọ̀ gùn jù ojú ìwé kan lọ, a ó tẹ èyí tó bá gbọ́n jù jáde.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjà á tà o.